Gbọ̀ngàn Àdúgbò Tó Ń Di Ibi Ìsádi Lọ́jọ́ Omíyalé

Lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó sì gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 200. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tún kó ìlú náà lẹ́rù: èèyàn tó lé ní 100 kú, afárá sì já káàkiri. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí làwọn èèyàn ń sá lọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò kọ́ ìkankan nínú wọn fún ẹni tó máa sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ márùn-ún.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí gbọ̀ngàn tí a fi ń ṣèpàdé àti ayẹyẹ jẹ́ ibi ìsádi náà, kí ohun èlò tó ń lò lójoojúmọ́ sì jẹ́ èyí tó máa lò lọ́jọ́ wàhálà. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìnkùlé “nítorí pàjáwìrì” kì í sábà dáhùn lọ́jọ́ pàjáwìrì, torí epo ti gan mọ́ kabùrétọ̀, bátìrì rẹ̀ sì ti kú. Iná sólà tí a ń lò lójoojúmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bó bá bàjẹ́ lónìí, lónìí náà la máa mọ̀.

Kí a tó yan ilẹ̀, ká béèrè ibi tí omi dé ní 2011 lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò, ká sì wo àmì rẹ̀ lára ògiri àtijọ́. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn gbọ́dọ̀ fi 60 sẹ̀ǹtímítà ga ju àmì náà lọ. Ọ̀nà tó dagun fún kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po 12 gíga rẹ̀, ìyẹn mítà 7.2 fún gíga 60 sẹ̀ǹtímítà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ilé ti ń kùnà: ilẹ̀ ò tó mọ́, wọ́n á wá ṣe àtẹ̀gùn. Tí odò bá la àdúgbò já, gbọ̀ngàn kékeré méjì ní ìhà méjèèjì sàn ju ńlá kan lọ, torí afárá lè tètè lọ.

Gbọ̀ngàn tó fẹ̀ tó 300 mítà onígun mẹ́rin lè gba àga 300, àmọ́ ẹni tó máa sùn nílò 3.5 mítà onígun mẹ́rin. Èèyàn 85 péré ló gbà nìyẹn. Ká ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún èèyàn 20, ká sì ya èyí tó pọ̀ jù sọ́tọ̀ fún obìnrin. Lóṣù Kẹjọ, omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gòkè, sókawè á kún, ìgbẹ́ á sì padà sínú ilé. Ẹ gbé táńkì ìdọ̀tí náà sókè, kí ẹ sì fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́nu páìpù.

Sìmẹ́ǹtì ló ń kó kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, jù wọ irú ilé yìí. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń tú tó kílò 600 sí 900 jáde, torí òkúta tí wọ́n ń sun fúnra rẹ̀ ló ń tu kábọ́ọ̀nù, kì í ṣe epo nìkan. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Àpò sìmẹ́ǹtì kan (50 kílò) ń ṣe búlọ́ọ̀kù inṣi mẹ́sàn-án bí 35 sí 40, mítà ògiri kan níbùú lóròó sì ń gba mẹ́wàá: nǹkan bíi kílò 13 sìmẹ́ǹtì. Ògiri kan náà máa ń gba tó 33 búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa kékeré tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100, kílò 14 nìyẹn! Níbo wá ni èrè wà? Inú pílásítà ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù yanrìn ń fẹ́ rírẹ́ nínú àti lóde, èyí tó tún ń jẹ bíi kílò 9 sí 10. Ti ilẹ̀ pupa kò fẹ́ ẹ. Ẹni tó kọ́ ọ tán, tó tún ní kí bíríkìlà rẹ́ ẹ nítorí ẹwà, ti da èrè náà nù.

Bí a ṣe ń dán ilẹ̀ wò nìyí. Gbẹ́ kọjá ibi tí ewéko ti jẹrà. Po ilẹ̀ náà pẹ̀lú omi, tẹ̀ ẹ́ kún inú àpótí pákó tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 4, tó sì jìn ní 4. Sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ti gbogbo rẹ̀ sápá kan, kí o wọn àlàfo tó kù. Tí kò bá tó mílímítà 15, sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n 1 sí ilẹ̀ 18 tó. Tó bá wà láàárín 15 sí 30, 1 sí 16. Tó bá lé ní 60, amọ̀ ti pọ̀ jù, wá ilẹ̀ míì. Fi nylon bo búlọ́ọ̀kù tuntun, máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, má sì fi kọ́lé kó tó pé ọjọ́ 28. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ láàárọ̀ kejì, ìka lásán lèèyàn á fi máa hó etí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ògiri, títí kọjá àmì omi, ẹ fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù yanrìn ṣe é, kí etí òrùlé sì yọ tó 90 sẹ̀ǹtímítà.

Ká ṣírò iná fún ọjọ́ kan ní yúnìtì, bí a ṣe ń rà á sórí mítà: gílóòbù 1.2, fáànù mẹ́fà 1.8, fóònù 85 bíi 0.9, firíìjì oògùn 1, rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì 0.5, pọ́ńpù 0.6. Ó jẹ́ yúnìtì 6. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi oòrùn oṣù Kejì ṣírò páànẹ́lì, nígbà tó jẹ́ pé oṣù Kẹjọ, tí ojú ọjọ́ ń ṣú, ni omíyalé ń wá. Ẹ fi wákàtí oòrùn 3 ṣírò, kí ẹ yọ ìdá 30 nínú 100 fún ohun tó ń ṣòfò: páànẹ́lì 500 wáàtì mẹ́fà ló máa jáde. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù yúnìtì 12 á gbé e dé ọjọ́ kan àbọ̀, torí a kì í lo bátìrì tán pátápátá. Ẹ má gbé ínfátà sábẹ́ àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni omi ń kọ́kọ́ dé. Ẹ pín wáyà sí méjì, kí ti ayẹyẹ máa já fúnra rẹ̀ bí bátìrì bá ti kù sí ìdajì; àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, sípíkà òru Sátidé á ti jẹ iná tán kí òjò Sunday tó dé.

Omi kò le tó bẹ́ẹ̀. Èèyàn 85, lítà 15 lójúmọ́, ọjọ́ 5: lítà 6,375. Táńkì méjì tó ń gba 5,000 tó, òrùlé yìí sì lè kún wọn lọ́jọ́ òjò ńlá kan. Ẹ kàn jẹ́ kí nǹkan bíi lítà 150 àkọ́kọ́ ṣàn dànù, ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku ló kún inú ẹ̀.

Bí ilé-ìwé tó dúró dáadáa bá ti wà lórí ilẹ̀ gíga ládùúgbò, ẹ má wulẹ̀ kọ́ tuntun, torí ògiri tó ti dúró kò tún ń jẹ sìmẹ́ǹtì. Ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ ṣe ẹnu-ọ̀nà kejì, ẹ so gọ́tà àti táńkì. Kí páànẹ́lì tó gòkè, ẹ ní kí káfíńtà gun àjà lọ wo igi òrùlé. Páànẹ́lì mẹ́fà kò wúwo púpọ̀, atẹ́gùn tó ń gbé e láti ìsàlẹ̀ ni ká bẹ̀rù. Inú igi ni kí bóòtù wọ̀, kì í ṣe inú páànù nìkan.