Ẹja Omi Òkun Tuntun Ò Jẹun? Ẹ Wo Bá A Ṣe Ń Ṣe É

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, Abẹ́òkúta náà la ṣì wà. Ẹja tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, copperband butterflyfish ni, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá, àtìgbà tó sì ti dé kò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Ẹni tó ni ín ń da oúnjẹ sí i láàárọ̀, ó ń dà á lálẹ́, ó rò pé tó bá ti pọ̀ lójú ẹ̀ á jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oúnjẹ tẹ́ja ò bá jẹ á lọ jẹrà nísàlẹ̀, ammonia ló máa dà, ẹja tébi ń pa á wá di ẹja tí májèlé ń pa.

Torí náà omi ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Àbúrò, gbé kámẹ́rà wá síbí, jẹ́ kí wọ́n rí i dáadáa. Ìwọ̀n iyọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní specific gravity, gbọ́dọ̀ wà láàárín 1.023 sí 1.026, ooru omi láàárín 25 sí 27 lórí Celsius, ammonia àti nitrite, májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí wá, òdo ni mo fẹ́ rí, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú wa ńbí, hítà kọ́ ni wàhálà yín, oòrùn ni, pàápàá tí NEPA bá mú iná lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta, omi tó bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ máa ń dín kù, ẹja tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ò sì ráyè oúnjẹ. Ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì.

Ìkejì, ẹ jẹ́ kára ẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dé, mo máa ń paná táǹkì, mi ò ní fún un ní nǹkan kan. Wọ́n fi àwọ̀n mú un lókun, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó tún wá wọ mọ́tò Èkó sí Abẹ́òkúta, ẹni tójú ẹ̀ rí báyìí, ṣé oúnjẹ ló máa kọ́kọ́ bèèrè? Mo lẹ bébà mọ́ gíláàsì lápá mẹ́ta, mo ju páìpù PVC tí mo gé sínú ẹ̀ kó lè ríbi sá sí. Kò sí ẹja míì níbẹ̀, torí àwọn tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ máa ń lé àlejò, àwọn ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní damsel wọ̀nyẹn gan-an, ìkà ni wọ́n. Àwọn ọmọdé tó ń fìka gbá gíláàsì, ẹ lé wọn síta.

Oúnjẹ wá kàn báyìí, ibí lẹ ti máa fara balẹ̀. Ẹja tí wọ́n mú lókun ò mọ̀ pé pellet, oúnjẹ ẹja oníhóró tó ń léfòó yẹn, ṣeé jẹ. Ohun tó ń rìn ló mọ̀, àti ohun tó sá pamọ́ sínú ihò. Ẹ wo ẹnu copperband yìí, ó gùn ṣóńṣó, òun ló fi ń fa kòkòrò yọ nínú òkúta. Mo wá ra edé tútù, èyí tí wọ́n kó sínú yìnyín, kì í ṣe edé gbígbẹ ọlọ́bẹ̀ o, kì í sì í ṣe èyí tó ti gba ata àti iyọ̀. Mo bó o, mo fọ̀ ọ́, mo gé e wẹ́wẹ́, mo ń fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò òkúta yìí. Tẹ́ ẹ bá rí mussel tàbí clam, ẹ là á, ẹ gbé e síbẹ̀ tòun tìkarahun ẹ̀, ìyẹn tún dáa jù. Ẹ kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù tó ń ru omi kóúnjẹ má baà ṣàn lọ. Kẹ́ ẹ sì kúrò níwájú ẹ̀. Tó bá tó ìdajì wákàtí tí kò sún mọ́ ọn, ẹ kó o jáde, ó di alẹ́.

Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Ó ń yí òkúta yẹn ká... ó ti ṣá a... áà, ó tu ú dànù. Kò burú rárá. Èyí tí kì í wo oúnjẹ rárá ló ń bà mí lẹ́rù.

Tí kò bá gba edé, artemia ààyè ló kàn, ohun abẹ̀mí kékeré kan tó jọ edé. Omi lítà kan, iyọ̀ òkun gíráàmù 25, ẹ da ẹyin ẹ̀ díẹ̀ sí i, kí pọ́ǹpù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tómi bá gbóná tó 28, láàárín wákàtí 24 púpọ̀ á ti pa. Ẹ wá pa afẹ́fẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀ ìgò, èèpo ẹyin á léfòó, àwọn ọmọ á sáré lọ síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n jáde, ẹ sẹ́ wọn kẹ́ ẹ tó fún un.

Ẹja tí wọ́n ń pè ní tang ní tiẹ̀, ewé òkun ló fẹ́, nori, ìyẹn ewé òkun gbígbẹ, tí ò lépo tí ò níyọ̀, ẹ fi klíìpù há a mọ́ gíláàsì. Ẹja mandarin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má rà á, copepod ààyè, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi, ló ń ṣà jẹ látàárọ̀ dalẹ́, táǹkì tuntun ò lè bọ́ ọ. Omi áyù táwọn kan ń pariwo, mo máa ń fi rẹ oúnjẹ nígbà míì, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn.

Ẹ máa wo ikùn ẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá ń jìn wọnú, tígbẹ́ ẹ̀ sì funfun tó gùn bí òwú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aràn, edé ò lè wo ìyẹn, ẹ wá oògùn aràn ẹja. Tó bá ti ń jẹ déédéé, ẹ máa po pellet rírẹ mọ́ edé díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó kéré. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn, ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á fún un lóunjẹ lójú yín, tó bá ń wá àwáwí, ẹ fowó yín sápò.

Àbúrò, tan pọ́ǹpù yẹn padà.