Wáyà Iná Tó Dẹ̀ Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà: Ẹ Má Fi Bébà Há A

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Desktop tó wà níwájú mi yìí, ẹni tó gbé e wá ní fáírọ́ọ̀sì ló mú un. Ó ní tí ẹsẹ̀ òun bá ti lè kan tábìlì báyìí, ó ti kú. Iná ò lọ, fáànù òkè ń yí, kọ̀ǹpútà nìkan ló kú. Wọ́n ti bá a gbé Windows tuntun sí i, wọ́n tún ti ní kó lọ ra RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, fáírọ́ọ̀sì wo ló mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ kan tábìlì?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná. Àbúrò, gbé fóònù yẹn sún mọ́ ibí. Ẹ rí i? Orí wáyà yìí ti dorí kodò, kò jókòó sínú ihò rẹ̀ dáadáa. Ó ti dẹ̀. Ẹni mẹ́ta la máa fura sí: wáyà fúnra rẹ̀, ihò tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tàbí ẹ̀kíténṣọ̀n. Ká tó náwó sórí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ pa ẹ̀rọ náà. Láti inú Windows ni kí ẹ ti pa á, ẹ tẹ Shut down, kó kú tán. Swíìṣì kékeré kan wà lẹ́yìn, nítòsí ibi tí wáyà wọ̀, tí wọ́n kọ I àti O sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí O. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní in. Tí tiyín ò bá ní, ẹ má dààmú. Ẹ wá pa sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì níbẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n máa ń mi wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí iná ṣì wà nínú rẹ̀, títí kọ̀ǹpútà á fi tàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé ṣe é. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbọ́ tó dún ṣá-ṣá níbẹ̀ yẹn, iná ló ń fò láti orí irin kan bọ́ sórí èkejì, ó sì ń jó ojú irin náà díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe okùn rẹ̀.

Ó ti jáde. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí ẹnu rẹ̀. Ihò mẹ́ta lẹ máa rí. C13 la máa ń pe orí wáyà yìí, èyí tó wà lára kọ̀ǹpútà, tó ní irin mẹ́ta, ni C14. Ẹ rántí C13 yẹn, ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́jà. Ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni iná ń gbà, ti àárín ni ti wáyà earth, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ẹ wo irin àárín lára kọ̀ǹpútà, ó gùn ju àwọn méjì yòókù lọ díẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí earth lè kọ́kọ́ kàn kí iná tó wọlé, kó sì jẹ́ òun ló máa jáde kẹ́yìn.

Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ahọ́n idẹ ló wà níbẹ̀ tó ń fún irin C14 mú, bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. Tí ahọ́n yẹn bá ti rẹ̀, kò ní lè fún irin mọ́, ojú ibi tí wọ́n ti kan ara wọn á wá kéré jọjọ, ibi kékeré yẹn á sì máa gbóná. Ooru á tún mú ahọ́n náà rọ̀ sí i, á mú rọ́bà tó yí i ká rọ̀ pẹ̀lú. Bó ṣe ń dẹ̀ ló ń gbóná, bó ṣe ń gbóná náà ló ń dẹ̀. Ẹ má rò pé ẹrù ló wọ wáyà lọ́rùn o. Desktop ọ́fíìsì lásán kì í sábà fa tó áńpù méjì lórí iná 230 fólítì tiwa níbí, bẹ́ẹ̀ C13 lè gbé áńpù 10. Ibi kan ṣoṣo tó dẹ̀ yẹn ló ń dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀.

Ẹ wo ti oníbàárà mi yìí. Ihò ọwọ́ ọ̀tún, etí rẹ̀ ti di búráwùn, ó sì ti yọ́ díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀. Tí mo bá gbé e sún mọ́ imú, rọ́bà jíjó ló ń rùn. Wáyà tó bá ti rí báyìí ti parí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú gé e sí méjì kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má bàa rí i lórí ààtàn kó tún gbé e lọ lò.

Ṣùgbọ́n tí tiyín ò bá jó, tó kàn ń mì, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́nítọ̀ yín náà, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀ níbẹ̀ àti lẹ́yìn mọ́nítọ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ló ń lo C13 kan náà. Ẹ fi wáyà mọ́nítọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ti kọ̀ǹpútà sínú mọ́nítọ̀. Iná ò tíì sí níbẹ̀ o, ọwọ́ lásán la fi ń dán an wò. Tí wáyà mọ́nítọ̀ bá dúró gbọn-in lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, tí ti kọ̀ǹpútà sì ń mì lẹ́yìn mọ́nítọ̀, wáyà ló jẹ̀bi. Tí méjèèjì bá ń mì lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ihò kọ̀ǹpútà ni ká fura sí. Tí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó ń lo adápítọ̀ ẹlẹ́nu roboto, ẹ yá ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà, òun náà sábà máa ń jẹ́ C13.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Wáyà ò dẹ̀ rárá, kò wọlé tán ni. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà kan, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dí orí wáyà lọ́wọ́, kò ní jẹ́ kó wọlé délẹ̀. Bákan náà, tí wọ́n bá ti kọ̀ǹpútà mọ́ ògiri, ògiri á tẹ orí wáyà wọ́, á máa fà á jáde. Ẹ fi ọwọ́ kan di iwájú kọ̀ǹpútà mú, kí ẹ fi ìkejì ti orí wáyà wọlé tààrà, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tì í dáadáa. Wáyà tuntun máa ń le. Ọ̀pọ̀ wáyà tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́, ibi títì yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti máa ń parí. Ẹ wá fa kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, kí àyè tó ọwọ́ kan wà níbẹ̀.

Ó dáa, ká ní wáyà ló jẹ̀bi. Ọjà yá. Ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ wáyà kọ̀ǹpútà, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kí ẹ kà á. Àbúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ara okùn yìí. Wọ́n kọ H05VV-F síbẹ̀, orúkọ irú okùn náà nìyẹn, wọ́n kọ 3G, ìyẹn ni pé okùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ 0.75, ìyẹn bí okùn kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. Tí ẹ bá rí 1.0, ó tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára orí C13 fúnra rẹ̀, ẹ máa rí 10A 250V. Wáyà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, tó fúyẹ́ lọ́wọ́ bíńtín, ẹ dá a padà. Ẹ mú òòfà kékeré dání. Tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ irin púlọ́ọ̀gì rẹ̀, idẹ kọ́ nìyẹn, irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ni. Ní tèmi o, wáyà tòkunbọ̀ tó bá kọ̀ǹpútà wọlé láti ìlú òyìnbó, tí ẹnu rẹ̀ ò tíì jó, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ máa rí i tí wọ́n dì í jọ.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ roboto méjì, tí wọ́n á ní kí ẹ fi adápítọ̀ sí i. Irú adápítọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ kí earth dé inú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí ara kọ̀ǹpútà fi máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ pínpín tí ẹ bá fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun ni kí ẹ rà, èyí tí fiúsì wà nínú rẹ̀. Fiúsì náà, tó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò. Ẹ má wé wáyà tàbí bébà sìgá mọ́ ọn lára.

Tó bá wá jẹ́ pé ihò kọ̀ǹpútà ló dẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo irin mẹ́ta náà. Tí ọ̀kan bá dúdú, tàbí tó bá rìn nígbà tí ẹ rọra fi ìka kàn án, tàbí tí gbogbo ihò náà bá ń mì lára kọ̀ǹpútà, power supply ni ẹ máa pààrọ̀, ìyẹn àpótí irin tí ihò yìí wà lára rẹ̀, tó ń pín iná fún inú kọ̀ǹpútà. Ẹ má tú power supply fúnra yín o. Iná tó lé ní 300 fólítì ṣì lè wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú iná pa mọ́, lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò, kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Síkúrúù mẹ́rin ló sábà máa ń dì í mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Oníṣẹ́ á yọ ọ́ lódindi, á fi òmíràn sí i. Àwọn Dell àti HP kékeré kan ní tiwọn tó yàtọ̀, ìtóbi àti ẹnu wáyà inú rẹ̀ ò bá ti gbogbogbò mu, torí náà ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà.

Ní ti bébà tí mo fi ṣe àkọlé. Bébà tí wọ́n ká, igi ìṣáná, ọ̀rá, Super Glue, gbogbo rẹ̀ ni mo ti bá lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ ronú sí i: ibi tó ń gbóná ni ẹ ń ki bébà sí. Tó bá sì dúró, ẹ̀gbẹ́ kan ló tì í sí, ahọ́n tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì á tún ṣí sí i. Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan dì í, ìta ni kí ẹ ti dì í: ẹ fi okùn ọ̀rá so okùn wáyà mọ́ ara kọ̀ǹpútà, kí ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀ láàárín okùn ọ̀rá àti orí wáyà, kí ìwúwo okùn má bàa fa orí rẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹni tí tábìlì rẹ̀ ò lè dúró jẹ́ẹ́ nítorí ọmọdé, C13 kan wà tó ní bọ́tìnnì pupa lórí, ó ń ti ara rẹ̀ pa mọ́ C14 lásán, àfi tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn ló máa jáde. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ìkẹta, ẹ̀kíténṣọ̀n. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń fi wáyà sùn láìṣẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa ni èyí tí ihò rẹ̀ gba gbogbo irú púlọ́ọ̀gì ayé, onígun, olóbìírí, pẹlẹbẹ. Ihò tí wọ́n là fún gbogbo wọn kì í di ìkankan mú. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n. Tó bá ń ṣe wọ́rọwọ̀rọ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀kíténṣọ̀n, ẹ má pààrọ̀ wáyà. Ẹlòmíràn á ní òun á ra UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró tí iná bá lọ, kí kọ̀ǹpútà yéé kú. UPS dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àárín UPS àti kọ̀ǹpútà ni wáyà ti dẹ̀, kò lè ju iná kọjá ibi tó dẹ̀ yẹn.

Ó yá, ká tàn án. Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lẹ máa kọ́kọ́ ki wáyà bọ̀, lẹ́yìn náà ògiri, ẹ tan ògiri, ẹ tẹ I, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì iwájú. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ pa á, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fọwọ́ kan orí wáyà àti púlọ́ọ̀gì. Ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gbóná. Ẹ tún un tàn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ kan tábìlì bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Tí orí wáyà méjèèjì bá le, tó tún wá kú, nǹkan tó dẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà lọ́hùn-ún, wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sórí motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, ni mo máa kọ́kọ́ wò. A máa tú u nínú fídíò tó ń bọ̀.