Fóònù Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́, Ẹ̀tọ́ Ẹlòmíràn Lọ́rùn Rẹ̀

Àsàlámù àlékúm wàráhmátúlàhi wàbárákátúhù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní àdúgbò wa wá bá mi pé kí n bá òun ṣe àdúà fún ọmọ òun tí ó ń ṣe ìdánwò WAEC lọ́wọ́. Mo ní kò burú, mo sì béèrè ohun tí a ó tọrọ gan-an. Ó ní òun ti san owó fún àwọn kan lórí WhatsApp tí wọ́n máa ń fi ìdáhùn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn ìṣirò pẹ́ kí ó tó dé, nítorí náà kí a bẹ Ọlọ́hun kí ti àwọn iṣẹ́ tí ó kù máa tètè wọlé, kí aṣọ́dánwò má sì rí fóònù náà. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe àwàdà, n kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Bàbá yìí kì í fi ìrun ṣeré, ó sì ti dé Mẹ́kà. Ó wá bẹ̀ mí kí n fi àdúà ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún olè.

Bí mo bá ní òun nìkan ni ó ń ṣe é, irọ́ ni mo pa. Ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní expo ti kúrò ní bébà kékeré tí wọ́n ń ká sínú ìbọ̀sẹ̀. Lónìí, ẹnì kan yóò ya àwòrán ìwé ìbéèrè, yóò fi ránṣẹ́ síta, olùkọ́ kan tí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ kẹ́ yóò jókòó dáhùn rẹ̀ fún owó, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sínú ChatGPT, ìdáhùn yóò sì ti padà dé orí fóònù ọ̀pọ̀ ọmọ kí àkókò ìdánwò tó parí. WAEC ka fóònù léèwọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n sì ń fagi lé èsì ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí màgòmágó ìdánwò ti wà láti ọdún 1999. Fóònù ṣì ń wọlé, nítorí pé àwa àgbà ni a ń bá ọmọ gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn sàhábà kan fún yín. Jábírù ọmọ Abdullah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, kì í ṣe ẹni tí hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí èyí tí àwọn onímọ̀ gbà wá láti ẹnu rẹ̀ ju 1,500 lọ. Síbẹ̀, ó gbọ́ pé hádíìsì kan wà tí òun kò fi etí ara òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì, àti pé ẹni tí ó gbọ́ ọ wà ní ilẹ̀ Shám, ní agbègbè Síríà òde òní. Hádíìsì ẹyọ kan ṣoṣo ni o. Jábírù ra ràkúnmí, ó di gàárì mọ́ ọn, ó sì rin ìrìn oṣù kan gbáko títí ó fi dé Shám, tí ó dé ẹnu ọ̀nà Abdullah ọmọ Unays. Ó ní kí wọ́n wí fún un pé Jábírù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìránṣẹ́ wọlé, ó jáde padà, ó béèrè pé, “Ṣé Jábírù ọmọ Abdullah?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Onílé kánjú jáde tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tẹ aṣọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì sì dì mọ́ra. Jábírù wá sọ ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀: “Mo gbọ́ pé o gbọ́ hádíìsì kan lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nípa ẹ̀san, ẹ̀rù sì bà mí kí n má kú, tàbí kí ìwọ má kú, kí n tó gbọ́ ọ.”

Abdullah ní òun gbọ́ tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ pé ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, Ọlọ́hun yóò kó àwọn ẹrú Rẹ̀ jọ ní ìhòòhò, láìdákọ, láìsí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Yóò fi ohùn kan pè wọ́n, tí ẹni tí ó wà lókèèrè yóò gbọ́ bí ẹni tí ó wà nítòsí ti gbọ́ ọ, pé: Èmi ni Ọba, Èmi ni Ẹlẹ́san. Èrò iná kan kò ní wọ iná nígbà tí ó bá ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn èrò àlùjánńà títí Èmi yóò fi gbà á fún un, èrò àlùjánńà kan kò sì ní wọ àlùjánńà nígbà tí èrò iná bá ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ̀ títí Èmi yóò fi gbà á, kódà kí ó jẹ́ ìgbátí kan. Àwọn sàhábà bi Ànábì pé báwo ni a ó ṣe san án nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo? Ó ní: iṣẹ́ rere àti iṣẹ́ burúkú ni a ó fi san án.

Ìgbátí kan péré ni hádíìsì yìí dárúkọ. Ọmọ kan wà tí ó kàwé títí wọ́n fi mú iná lọ, tí ó tan tọ́ọ̀ṣì parí rẹ̀, tí ó gba C nínú ìṣirò nítorí pé C ni agbára rẹ̀ ká. Ọmọ tìrẹ gba A nínú ìṣirò kan náà, kò sì lè ṣe ẹyọ kan nínú rẹ̀ bí o bá jí i lóru. Ó fi A yẹn gba àyè tí ọmọ onítọ́ọ̀ṣì ì bá gbà láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìlọrin. Ìgbátí mélòó ni ẹ̀tọ́ yẹn? A máa ń sọ pé láàárín èmi àti Ọlọ́hun ni, pé Ọlọ́hun jẹ́ Aláforíjì. Aláforíjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, o kò mọ orúkọ rẹ̀, yóò sì mọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ bàbá tí o san owó, ìwọ ìyá tí o yá owó àjọ san án, ìwọ olùkọ́ tí o dáhùn, gbogbo yín ni yóò bá a ṣírò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì ọmọ 379,997 jẹ́ ní ibùdó ìdánwò JAMB 157, ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tí ó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìlọrin rí, ni ó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà. Ó jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún. Àwọn kan fi ẹkún náà ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ó mọ ohun tí ẹ̀tọ́ ọmọ ẹlòmíràn wúwo tó ni yóò sunkún lórí àṣìṣe. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é máa ṣe?

Ṣé mo wá ń sọ pé kí a kó fóònù dà sínú odò Asà ni? Rárá. Ọlọ́hun tí ó ní kí a kà náà ni ó sọ pé Òun fi gègé kọ́ ènìyàn, irinṣẹ́ sì ni gègé. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti wà lórí kọ̀ǹpútà pátápátá, nítorí náà òbí tí kò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá ń pa á lára. Ọmọ tí ó wà ní Omù-Àrán tàbí ní Ṣàárẹ̀ lè gbọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì láti ẹnu olùkọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní. ChatGPT tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 lè tún ibi tí kò yé ọmọ ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá láìbínú, èyí tí àwa olùkọ́ kì í sábà lè ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàyé ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. “Bá mi kọ ọ́” ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ yìí a sì máa fi ìgboyà parọ́: ó lè sọ hádíìsì tí kò sí nínú ìwé kankan, kí ó fi orúkọ Bukhari, àgbà onímọ̀ hádíìsì, tì í lẹ́yìn. Jábírù rin oṣù kan nítorí hádíìsì kan, ọmọ wa kò wá ní ìṣẹ́jú méjì láti ṣí ìwé wò.

Ìlọrin, ìlú Alímì, ni a wà. Nílé kéwú tí ọ̀pọ̀ wa ti jáde, áfáà kì í jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà rẹ̀ títí yóò fi ka ohun tí ó wà níbẹ̀ láìwò ó. Omi lè gbé tàdáwà lọ lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ti wọ àyà. Èyí tí ó wà lórí fóònù ńkọ́? Bí bátìrì bá kú, ó tán.

Òru ni ìbàjẹ́ tí ó kù ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ yóò máa yí TikTok lọ́wọ́ títí di aago mẹ́ta, Súbúhì yóò kọjá lórí rẹ̀, yóò sì máa tòògbé ní kíláàsì. Faransé ti fòfin de fóònù ní ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ títí di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti 2018. Austrálíà ti ká ìkànnì àjọlò kúrò lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún láti oṣù Kejìlá ọdún 2025. Àwa tí Ànábì sọ fún pé darandaran ni olúkúlùkù wa, tí a ó sì bi léèrè nípa agbo wa, ni a ń ra dátà òru fún ọmọ. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sùn, kí ó sì wà ní yàrá yín.

Ọ̀dọ́ kan lè máa ka èyí tí ó ti fi expo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ìwọ ni mo ní lọ́kàn jù. Ronú pìwàdà lónìí, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Tọrọ àforíjì fún ẹni tí o gba àyè rẹ̀, kí o sì máa ṣe sàárà pẹ̀lú èrò pé kí láádá rẹ̀ jẹ́ ti ẹni náà. Lẹ́yìn náà, padà sí ìwé tí o fò, láti ibi tí o ti fò ó, kódà bí ó bá jẹ́ ìwé kíláàsì kejì girama, nítorí aláìsàn tí wọn yóò gbé síwájú rẹ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan kò ní béèrè èsì WAEC rẹ. Ohun tí o mọ̀ ni yóò nílò.