Bí a ṣe ń béèrè ìrànlọ́wọ́ nígbà tí a bá ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbé laptop tòkunbọ̀ yín dání. Mo mọ ohun tó gbé ọ̀pọ̀ nínú yín wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogboogbò tó ń ṣe fún Windows 10 dúró, Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó wà fún ààbò, àti processor tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, kò le koko tó bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò lè ṣàì wá olùrànlọ́wọ́, ohun tí mo sì ti rí ni pé bí ó ṣe béèrè ló máa ń dá a dúró ju Linux fúnra rẹ̀ lọ.

“Mo gbé Linux sórí laptop mi, kò ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí.” Kí ni kí èèyàn ti ibẹ̀ mú? Bí ẹ bá gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì, tí ẹ sì ní kò lọ, yóò bi yín bóyá ó dún nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ àti bóyá ó rú èéfín, lẹ́yìn náà yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò ní bọ́nẹ́ẹ̀tì kankan láti ṣí. Ohun tí ẹ bá sọ fún un nìkan ló rí.

Nítorí náà, kí Windows tó kúrò lórí ẹ̀rọ yín, ẹ fi bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ “This PC”, kí ẹ yan “Properties”, kí ẹ sì ya àwòrán ohun tó bá jáde. Ẹ óò rí orúkọ processor àti iye RAM níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ìlà tí wọ́n pè ní “System type”, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ó bá kà pé “32-bit operating system, x64-based processor”, Windows inú rẹ̀ nìkan ni 32-bit, irú ti àtijọ́. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lè gba 64-bit, irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: láti ọdún 2017 ni Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, kò ti ṣe ti 32-bit fún desktop mọ́, Debian 13, ẹ̀yà mìíràn tó jáde ní 2025 náà kò ṣeé gbé sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí processor rẹ̀ jẹ́ 32-bit ní tòótọ́ lè wo antiX. Ẹni tó ní 64-bit àti RAM 2GB lè gbìyànjú Lubuntu tàbí Linux Mint Xfce, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Mint fúnra wọn sọ pé 4GB ló tuni lára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọjọ́ mẹ́ta bi mí léèrè ìdí tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò fi rí flash tó kì bọ̀ ọ́ láti fi gbé Linux wọlé. A yí ètò BIOS, èyí tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, padà, ó lọ ra flash mìíràn, pàbó ni. Níkẹyìn ni mo ní kó ṣí flash náà kó ya àwòrán inú rẹ̀ fún mi: fáìlì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ parí sí .iso, ìyẹn odidi Linux tí wọ́n dì sínú fáìlì kan. Ńṣe ló dà á síbẹ̀ bí ẹni tó ń da orin sórí flash, nígbà tó yẹ kó fi Rufus tàbí balenaEtcher, àwọn ètò tó ń sọ flash di ohun tí ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, kọ ọ́. Èmi náà jẹ̀bi. Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í ni mo fi kẹ́yìn.

Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe sójú, ẹ má túmọ̀ rẹ̀, ẹ ya àwòrán gbogbo ojú ẹ̀rọ náà. Ẹ wo aago rẹ̀ pẹ̀lú. Bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́ sábà máa ń kú, ọjọ́ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, browser á sì máa kọ gbogbo ojúewé pé ìwé-ẹ̀rí wọn kò tọ̀nà. Bí Wi-Fi ló bá kọ̀, èyí tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ tí ẹ̀yà Wi-Fi rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Broadcom, ẹ fi wáyà so fóònù yín mọ́ ọn, kí ẹ tan USB tethering lórí fóònù náà kó lè fún ẹ̀rọ ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ lspci, àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ, nínú terminal, ìyẹn ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ sì fi gbogbo ohun tó bá jáde ránṣẹ́.

Gbogbo èyí ni ẹ lè ṣe bí ẹ bá ṣí Linux láti orí flash nígbà tí Windows ṣì wà nínú ẹ̀rọ: ẹ gbọ́ bóyá ó ń dún, ẹ wò ó bóyá Wi-Fi wọlé. “Erase disk” ni kí ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ óò fi kó àwọn fọ́tò àti ìwé yín síbòmíràn, torí kì í dá nǹkan kan sí. Bí bátìrì laptop yín kò bá sì gbé iná dúró mọ́, ẹ dúró de àsìkò tí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter bá wà nítòsí kí ẹ tó tẹ “Install”.