Òkè nínú orúkọ ọmọ: ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìkómọ. Àwọn tó ń wá orúkọ tó jẹ mọ́ gíga sábà máa ń béèrè èyí tó túmọ̀ sí ṣóńṣó orí òkè. Orúkọ wa kì í sábà bá ibẹ̀ lọ. Gbólóhùn ni púpọ̀ nínú wọn: nǹkan gun òkè, nǹkan di òkè, nǹkan lékè. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ipò ìdílé yín mu ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn.

Adé gun òkè ló di Adégòkè. "Un" ló yọ kúrò lára "gun". Ilé ọba ló ni adé. Ilé olóyè a máa sọ Oyègòkè, àwọn mìíràn a sọ Ọlágòkè. Ìdílé tó ṣì ń gòkè bọ̀ ni orúkọ yìí yẹ. Òun ni Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn (1915–1958), ń jẹ́.

Ládòkè yàtọ̀ sí i. Ọlá di òkè: ọlá náà ti jókòó, kò ṣeé ṣí nídìí mọ́. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1959 sí 1966, ló jẹ́ ẹ. Ní ti Adélékè, ìdíje ló wà nínú rẹ̀, torí ohun tó bá lékè ti borí òmíràn. Ó bá ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn àríyànjiyàn oyè mu gan-an. Olúgbéńga kò ní òkè nínú, àmọ́ gíga wà níbẹ̀: Olú gbé mi ga. "Mi" di "ń" nítorí "g" tó tẹ̀ lé e.

Bí òkè bá ṣíwájú, òkè fúnra rẹ̀ ló ń ṣe nǹkan: Òkéwọlé, Òkédìran. Ìdílé tó ń bọ òkè, bí àwọn tó ń bọ Òkè'Bàdàn, ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti wá. "Kè" di "ké" nítorí ohùn òkè tó máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tó bá fi Olú rọ́pò Òké, tí Òkéwọlé di Olúwọlé, ti pa ìtàn ilé náà rẹ́, ó sì ń dun ni.

Àmì ohùn ló ń fa àṣìṣe jù. Ẹ kọ "Oke" láìní àmì, ẹni tó ń kà á kò ní mọ̀ bóyá òkè tí à ń gùn ni, tàbí Òké (Ọ̀kẹ́ níbòmíràn), orúkọ àmútọ̀runwá ọmọ tí a bí nínú àpò ìbí tí kò tíì ya, tí wọn kì í rọ ní oúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀ kó má baà dákú. "Ajoke" náà ń tan ènìyàn: Àjọkẹ́ ni, ìkẹ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn kan sì ń lẹ adé mọ́ òkè láìfi ọ̀rọ̀-ìṣe sí i; "adé òkè" nìyẹn, kò sọ ohun tí adé ṣe.

Kí ẹ tó kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù ọjọ́ ìbí, ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ ní kíkún sórí ìwé, ẹ kà á sókè, kí ẹ wá sún un kì. Bí fọ́ọ̀mù kò bá gba àmì, ẹ kọ èyí tó ní àmì sínú ìwé tí ẹ kọ ọjọ́ ìkómọ sí, kí ọmọ lè rí i nígbà tó bá mọ̀wé kà.