Àwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, kí la fẹ́ fi ṣe?

Òkun o, ẹ̀yin tèmi nílé lóko. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má dá a lóhùn, Kabba ni mo wà báyìí, mo gba lííùfù wálé, kì í ṣe yàrá mi ní Birmingham tí mo ti máa ń bá yín sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò náà sì lè dá sí i tó bá yá, kò burú, gbogbo wa la lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ àwo ni mo gbé wá lónìí. Àwo gidi o, àwo dúdú ńlá tí abẹ́rẹ́ ń rìn lórí ẹ̀, kì í ṣe orin orí fóònù. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń rà á, ẹ sì mọ irú èyí tí mò ń rà, rọ́ọ̀kì, èyí tó wúwo, tí gìtá ẹ̀ á máa kùn tí àwọn ará ilé á máa bi ara wọn pé ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ yìí ṣá. Ọkùnrin kan tá a jọ máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù àwo àlòkù lọ́hùn-ún ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ra àwo kan, náílọ̀n ṣì wà lára ẹ̀, mo ní ṣé alẹ́ yìí ló máa gbọ́ ọ, ó wò mí bíi pé mo bú ìyá ẹ̀. Kò ní í ṣí i. Láéláé. Ó ní tí òun bá ti lè ṣí i, owó ẹ̀ á wálẹ̀. Owó ẹ ni, mi ò lè bá ẹ jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi títí mo fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, àlàyé tí mo fẹ́ ṣe lórí ẹ̀ sì máa gba ọ̀dọ̀ Tony Iommi tó ta gìtá fún bándì Black Sabbath kọjá, ẹ fara balẹ̀.

Ọmọ Birmingham ni Iommi, ilé iṣẹ́ irin ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ti ń ta gìtá, ọjọ́ tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ gan-an kó lè gbájú mọ́ orin, ẹ̀rọ tó ń tẹ irin pẹlẹbẹ já orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e. Èèyàn lè ní ọwọ́ ọ̀tún kẹ̀, ṣebí ọwọ́ òsì ló ń tẹ okùn gìtá. Rárá o. Ọlọ́wọ́ òsì ni Iommi, ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an ló fi ń tẹ okùn. Wọ́n ní kó gbàgbé gìtá. Ó jókòó sílé, inú ẹ̀ bàjẹ́, ni ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ bá wá kí i, ó mú àwo kan dání, ó ní kó gbọ́ ọ. Iommi ní òun ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan tó jẹ mọ́ gìtá. Ọ̀gá ní kó ṣáà gbọ́ ọ ná. Ìgbà tó gbọ́ ọ tán ni ọ̀gá wá là á yé e pé Django Reinhardt ló ń ta gìtá yẹn, pé iná jó ọwọ́ ẹ̀ nígbà kan, ìka méjì péré ló sì fi ń ta gbogbo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn.

Iommi bá dìde. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ó fi mọ ìbòrí fún ìka méjèèjì, ó lẹ awọ mọ́ orí ẹ̀ kó má bàa máa yọ̀ lórí okùn. Okùn tó le ń dùn ún, ó wá èyí tó fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá ó tún dẹ okùn náà sílẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, títí tó fi di pé nínú àwo wọn kẹta, Master of Reality, ti 1971, ohùn gìtá ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Rọ́ọ̀kì tó wúwo tí wọ́n ń pè ní metal lónìí tí àwọn ọmọ kékeré ń dẹ irun sílẹ̀ nítorí ẹ̀, ọgbọ́n tí òṣìṣẹ́ kan dá kí ìka ẹ̀ má bàa dùn ún wà nínú ẹ̀ dáadáa. Ẹ wá rò ó wò, ká ní ọ̀gá yẹn náà ò fẹ́ kí owó àwo ẹ̀ wálẹ̀ ńkọ́?

Afárá kan wà ní Broad Street ní Birmingham tí wọ́n fi orúkọ bándì náà pè. Nígbà tí Ozzy tó ń kọrin fún wọn kú ní oṣù keje 2025, kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n ṣe eré ìdágbére wọn ní pápá bọ́ọ̀lù Villa Park, òdòdó bo afárá náà pitimu. Ọmọ Yorùbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé ọba wo ló kú.

Àwo wọn àkọ́kọ́, orúkọ bándì náà ló ń jẹ́, Black Sabbath. Nínú ọjọ́ kan ni wọ́n gba orin ẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò ní London lọ́dún 1969, ó jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, 13 oṣù kejì, 1970. Òjò lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Agogo á dún lọ́ọ̀ọ́kán. Gìtá á wá wọlé, ohùn mẹ́ta péré, kò yára, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ló wà lára páálí ẹ̀ nínú aṣọ dúdú, níwájú ilé ọlọ àtijọ́ kan tó wà ní Mapledurham ní Oxfordshire. Mo kó àwo díẹ̀ bọ̀ wálé nínú báàgì ọwọ́, èyí wà níbẹ̀, ojú tí Àǹtí mi fi wo páálí yẹn, háà. Ó ní ta ni àjẹ́ yìí. Mo ní Àǹtí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, Kátólíìkì ni wọ́n fi tọ́ Geezer Butler tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn, orin kan tiẹ̀ wà nínú Master of Reality, After Forever, àwọn tó ní kò sí Ọlọ́run ló ń bá wí. Mo gbé e sórí fóònù fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n ní tó bá jẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣé Ọlọ́run adití ni? Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí èsì fún wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa bí àwo ṣe ń ṣiṣẹ́, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìlà tóóró kan ṣoṣo ló wà lójú ẹ̀, tó ń yí láti etí lọ sí àárín. Béèsì ló ń gba àyè jù nínú ìlà yẹn, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń dín béèsì kù nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, ẹ̀rọ tá a fi ń gbọ́ ọ nílé ló máa dá a padà. Tí orin ojú kan bá ti kọjá nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú dáadáa, wọ́n á máa fún ìlà pọ̀, ohùn á rù. Bó ṣe ń sún mọ́ àárín náà ni ohùn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bándì fi máa ń fi orin tó tutù parí ojú kan. Àwọn ará 1970s mọ ìwọ̀n yẹn. Àwọn tó dé lẹ́yìn, ayé síídì ni wọ́n bá, Superunknown ti bándì Soundgarden, 1994, ó lé ní wákàtí kan, èèyàn á yí àwo yẹn títí á sú u. Nevermind ti Nirvana ní tiẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án 1991, oṣù tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀ tí wọ́n yọ àwa Òkun kúrò ní Kwara, mi ò sì rò pé ẹnì kankan ní Kabba ráyè gbọ́ gìtá ará Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ Lokoja, olú ìlú tuntun, ti gba ẹnu gbogbo èèyàn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ti ìgbà yẹn ni Dirt, ti bándì Alice in Chains, 1992. Layne Staley á máa kọ, Jerry Cantrell á máa tẹ̀ lé e ní ohùn kejì, wọ́n á sún mọ́ra débi pé ẹ ò ní mọ ta ni ta ni. Inú kúáyà ni mo dàgbà sí, do-re-mi ni wọ́n fi kọ́ mi ní tẹ́nọ̀, ohùn kejì ni etí mi kọ́kọ́ ń wá nínú orin èyíkéyìí, Dirt sì kún fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orin inú ẹ̀, heroin ni wọ́n ń sọ, oògùn olóró náà ló sì padà gba ẹ̀mí Staley ní 2002. N kì í gbọ́ ọ tí àlejò bá wà.

Ó dáa. Ìsánlú wá kù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti gbé Èkó rí nígbà ọ̀dọ́ wọn, ní àwọn 1970s. Mo gba Mopa kọjá lọ kí wọn, bí mo ṣe sọ pé mo ń ra àwo ni wọ́n ní kí n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Páálí ọtí ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Haruna Ishola, I. K. Dairo, Dele Ojo, Obey, wọ́n tò ó nílẹ̀ gbalaja, ooru páànù ti ká díẹ̀ nínú wọn, eku ti jẹ etí àwọn kan. Mo ń yẹ̀ wọ́n wò, mo kan Ofege, Try and Love. Mo pariwo. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's ní Èkó ló ṣe àwo yẹn o, 1973, sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ṣì wà, gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn ẹ̀ jẹ́ ló kún inú ẹ̀. Àwọn nìkan kọ́ ló wà lásìkò yẹn. Bándì BLO náà ṣe Chapter One lọ́dún yẹn, B ni Berkley Jones, L ni Laolu Akins, O ni Odumosu. Ginger Baker tó lu ìlù fún bándì Cream ní London tẹ́lẹ̀ ti wa mọ́tọ̀ gba aṣálẹ̀ wá sí Nàìjíríà nígbà yẹn, ó sì kọ́ sítúdíò sí Èkó. Rọ́ọ̀kì tí àwọn èèyàn mi ń wò lójú mi bí àrùn òyìnbó, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìsánlú kí wọ́n tó bí mi.

Bàbá ti fi báírò kọ orúkọ ara wọn sára páálí Ofege yẹn, gàgàrà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rà á. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó àwo jọ, nǹkan tó bà á jẹ́ nìyẹn, owó ẹ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Èmi, irú ẹ̀ ni mo máa ń wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dín lówó, ó sì ti hàn pé ẹnì kan fẹ́ràn ẹ̀ débi pé kò fẹ́ kí wọ́n jí i lọ níbi pátì.

Àwọn kan ti wá béèrè ẹ̀, wọ́n ń wọ ìlú dé ìlú ra àwo àtijọ́, láti Èkó ó di òkè òkun. Bàbá ò tà. Àwọn tó tún orin wọ̀nyí tẹ̀ lókè òkun ò ṣẹ̀ mí o, ilé iṣẹ́ àwo Soundway ṣe àkójọ Nigeria Rock Special ní 2008, Birmingham lèmi fúnra mi ti kọ́kọ́ gbọ́ Ofege, nínú àwo tí wọ́n tún tẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní kí ẹlòmíì gbọ́ ọ. Ẹni tó rà á tó tì í mọ́ inú náílọ̀n lèmi ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ wá di tèmi. Rédíógíráàmù Bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́, àpótí onígi gbàǹgbà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti kú, ó ń fò, wọ́n bá fi kọ́bọ̀ kan lé e lórí, kọ́bọ̀ ayé àtijọ́, wọ́n fi téèpù dè é. Gbogbo ẹni tó mọ àwo ló mọ̀ pé ìwúwo yẹn ń họ ìlà. Bàbá na ọwọ́, wọ́n ní kí n mú èyí tí mo gbé wá. Paranoid ti Black Sabbath ni mo mú dání, ti 1970. Mo ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi fóònù gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ìwọ àti onínáílọ̀n ẹ, kí ni ìyàtọ̀?" Mo ti sọ ìtàn ọkùnrin yẹn fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹ ẹ̀ rí i pé ẹnu mi ló kó bá mi.

Wọ́n di àwo mú ní etí, wọ́n fi ẹ̀wù nù ún yíká, wọ́n fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́, wọ́n gbé e lé e. War Pigs. Orin tó ń bá àwọn ọ̀gágun wí, àwọn tó ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò dúró sójú kan, mọ́tọ̀ rédíógíráàmù ń bá a sáré, Ozzy ń kọrin bí ẹni tí wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n béèsì inú àpótí yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn ń gbọ̀n. Bàbá ò sọ nǹkan kan nípa gìtá. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n fi ìka lu apá àga, wọ́n ní ta ló ń lu ìlù. Mo ní Bill Ward. Wọ́n ní ọmọ yẹn ò kàn ń lù, pé ó ń dá gìtá lóhùn ni, gìtá á sọ tiẹ̀, òun náà á fèsì. Òótọ́ gidi ni, orin jáàsì ni Ward fi kọ́ ìlù, àwọn onílù jáàsì bíi Gene Krupa àti Buddy Rich ló ń wò, mo ti ń gbọ́ àwo yìí láti kékeré, gìtá ni mo ń tẹ̀ lé, bàbá tí kò gbọ́ orúkọ bándì yẹn rí ló mú mi padà sídìí ìlù.

Àpá ti wà lára ẹ̀ báyìí o. Níbi kan ní apá kejì orin yẹn, ó ń ta tẹ́ẹ́, tẹ́ẹ́, tẹ́ẹ́, owó ẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe wá nìyí. Orí abẹ́rẹ́ rédíógíráàmù àtijọ́, irú èyí tó ń yí, ojú kan fún àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kejì fún àwo tó ń yí nígbà 33. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń tà á ní Ìlọrin, ní Èkó, níbikíbi, ẹ fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ kí n tó padà. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn máa san owó ẹ̀, àmọ́ iye tí wọ́n dá lé e, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ tà á, ẹ ṣe sùúrù o, iye 1975 ni.