Òjó kì í ṣe orúkọ ìran: bí mo ṣe ń tọpa bàbá ńlá ní Kétu

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbọ́ àkùkọ yẹn? Kò jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ẹ ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n fi bí mo ṣe ń tọpa ìran wa hàn yín, ní Kétu wa níbí, ní ilẹ̀ Benin tí Faransé ṣàkóso rí. Ó yá.

Ẹ mú ìwé ìbí bàbá yín jáde. Ẹ wo ti bàbá mi: "Odjo", orúkọ bàbá tiwọn ni wọ́n kọ bí orúkọ ìdílé; "né vers 1948", ìyẹn ni pé wọ́n bí wọn ní nǹkan bí 1948. Ẹ rí "vers" yẹn? Akọ̀wé fojú díwọ̀n ọdún ni. Ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ pe orúkọ náà sókè. "Ch" Faransé, ṣ ni. "Dj", j ni. Adéchina, Adéṣínà nìyẹn. Odjo tiwa, Òjó ni. Ta ló ń jẹ́ Òjó? Ọmọ tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn wáyé. Ó tán! Gbogbo ohun tí orúkọ yẹn mọ̀ nípa ilé wa ò ju pé ìwọ́ kọ́ bàbá àgbà mi lọ́rùn. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, Ogoubiyi ni wọ́n kọ fún un. Ògúnbíyìí ni, "n" ti bọ́ sọ́nà. Lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń dẹnu ìfẹ́ kọ ara wọn. Èmi ni mo tú ọ̀kan ká, wọn ò tíì dúpẹ́.

Oríkì orílẹ̀ là ń wá, oríkì tó ń sọ ìran àti ìlú tí a ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń na fóònù sí ìyá arúgbó lẹ́nu, "ìyá, ọdún wo?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé! Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti lọ́kọ nígbà òmìnira, 1960 nìyẹn. Bàbá ọkọ wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti bí i kí ogun Dàhòmì tó kó Kétu ní 1886? Ṣé ó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì? Ta ló padà wá lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì? Ibẹ̀ ni okùn ti máa ń já. Èèwọ̀ àti ilà, ẹ bèèrè ìyẹn náà.

Ọgbọ́n mi rèé. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá arúgbó lálẹ́ pé ẹ fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ mú obì dání. Ní ìdájí, ẹ tan fóònù sápò kó máa gba ohùn, ẹ lọ kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ má bèèrè ohunkóhun! Oríkì ni wọ́n á fi kí yín padà. Ìyá àgbà wa fọwọ́ lé mi léjìká báyìí, oorun ṣì wà lójú wọn: "Ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà..." Ọ̀fà, ní Nàìjíríà lọ́hùn-ún! Èmi tí mo ń jẹ́ ọmọ Kétu pọ́ńbélé káàkiri.

Baálé ilé wa ní òun mọ ibi tí wọ́n sin ẹni tó kọ́kọ́ ti Ọ̀fà dé. Wọ́n ti ń fọn fèrè ọ̀kadà níta. Ẹ jẹ́ n máa lọ.